Ta Ló Ń Lé Kámẹ́rà Rẹ?

Fíìmù àkọ́kọ́ tí mo yà nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ: ìyá kan ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn odi Ìjẹ̀bú-Òde. Kámẹ́rà mi kò sinmi. Mo sáré sún mọ́ iná, mo yí sí èéfín, mo gbójú wo òrùlé, mo tún padà. Olùkọ́ wa wò ó tán, ó ní, "Ta ló ń lé ẹ?"

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn àbúrò tó bá wá bá mi nìyẹn: kámẹ́rà kì í gbéra àfi tí nǹkan bá pè é. Ọwọ́ lè pè é, ojú lè pè é, ẹṣin lè pè é. Bí kò bá sí, kó jókòó.

Nítorí náà, ní fíìmù yín àkọ́kọ́, ẹ má yí kámẹ́rà rárá. Ẹ gbé e lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ ya oníyan gàrí lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ẹ kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè, kí a rí àtíbàbà àti igi ìdáná, ká mọ ibi tí a wà. Ẹ tún un yà láti ìbàdí sókè, ká rí apá tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ wá ya ọwọ́ nìkan pẹ̀lú àkúfọ́ igbá tó fi ń yí gàrí nínú agbada, èyí tí àwa ń pè ní close-up. Ẹ sún mọ́ ọn débi tí a ó fi rí hóró gàrí tó lẹ̀ mọ́ èékánná rẹ̀. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá kí ẹ tó pa á. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ kó tó pa kámẹ́rà.

Pan ló kàn: kámẹ́rà dúró lójú kan, ó ń yí ojú láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ibi tó dáa jù láti kọ́ ọ ni Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, nígbà tí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin kọjá. Ẹsẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Ẹ kọ ìka ẹsẹ̀ sí ibi tí ẹṣin máa parí sí, kí ẹ wá lọ́ ìbàdí padà síbi tó ti ń bọ̀. Bó ṣe ń bọ̀, ara yín á máa tú padà sípò. Bí ẹ bá ṣe é lódì, ìparí gan-an ni ara máa le, àwòrán á gbọ̀n. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú imú ẹṣin. Ẹ sì múra sílẹ̀ fún ìbọn: ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n yìn ín, mo fò, ojú ọ̀run ni mo yà.

Ẹ má sọ pé zoom ni ìrìn kámẹ́rà. Zoom kàn ń sọ nǹkan di ńlá ni. Bí kámẹ́rà bá rìn lóòótọ́, ìsọ̀ tó wà nítòsí á sáré kọjá, ti ọ̀ọ́kán á máa fà díẹ̀díẹ̀. Bárò alábàárù kan ní ọjà Òkè-Ajé ti tó fún èyí. Ẹ bá a dúnàádúrà, ẹ jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà, torí táyà líle ń gbọ̀n kámẹ́rà.

Tó bá jẹ́ abẹ́ iná ìjọba lẹ ti ń yà, 50 hertz ni tiwa, ìyẹn ni pé iná náà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: ẹ fi kámẹ́rà sí 25, ìyẹn àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń la ojú fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá, kí iná má baà máa ṣẹ́jú nínú àwòrán.

Èyí tó fìyà jẹ mí jù ni ìlà. Ní Ìkẹ́nnẹ́, mo ń ya bàbá méjì tó ń ta ayò. Ẹ fọkàn fa ìlà kan láti ojú ọ̀kan dé ojú èkejì, kí kámẹ́rà má kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan ìlà náà. Nígbà náà ni ọ̀kan á máa wo ọ̀tún, èkejì á máa wo òsì, ojú wọn á pàdé. Oòrùn ń pa mí, mo sá kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí mo to àwòrán pọ̀, ọ̀tún ni àwọn méjèèjì ń wò. Bàbá tó ni ọpọ́n wò ó lórí fóònù mi, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ẹni kẹta tí àwa méjèèjì ń bá ta ayò?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo gbé agbòjò dání.