Bí a ṣe ń fi kámẹ́rà onífíìmù ńlá ya igi ní dúdú àti funfun

Igi kì í rìn, àmọ́ ewé rẹ̀ kì í sinmi. Ohun tó máa ń ba fọ́tò igi jẹ́ jù nìyẹn, torí pé kámẹ́rà tí fíìmù rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 4, tó sì gùn ní ínǹṣì 5, máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pẹ́. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí atẹ́gùn tó dìde. Ẹ yan ọjọ́ tí ìkuukùu bo ojú ọ̀run. Bí oòrùn bá ń ràn, á ta funfun tótòtó sára èèpo igi, òjìji á sì ṣú biribiri, fíìmù ò sì ní rí méjèèjì gbà pọ̀ dáadáa.

Inú òkùnkùn biribiri lẹ ti máa kó fíìmù sínú holder (àpótí pẹlẹbẹ tó ń gbé fíìmù wọnú kámẹ́rà), ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn. Ẹ gbé fíìmù dúró lóòró, kí àwọn gígé kéékèèké etí rẹ̀ wà ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún: ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ló kọjú sí yín yẹn. Apá funfun dark slide, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bo fíìmù lójú nínú holder, ni kó wà níta. Ẹ fẹ́ eruku kúrò kẹ́ ẹ tó kó o, nítorí ibi tí eruku bá bà lé á yọ dúdú lórí fọ́tò.

Tẹ́ ẹ bá dé ìdí igi, ẹ má ṣe dojú kámẹ́rà kọ òkè kẹ́ ẹ lè rí orí igi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìtì igi ṣe máa ń fara ti ara wọn lókè bí ẹni fẹ́ ṣubú. Ẹ fi lẹ́fùlù mú kámẹ́rà dọ́gba lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wúwo, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé pátákó lẹ́ńsì nìkan sókè títí orí igi á fi wọlé. Ẹ yẹ igun dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà tí àwòrán ti ń hàn wò: bó bá ṣú, ẹ ti gbé e kọjá ibi tí lẹ́ńsì lè dé.

Lábẹ́ aṣọ dúdú, àwòrán á dorí kodò. Ẹ ṣí lẹ́ńsì tán pátá, kẹ́ ẹ fi awò kékeré wo bó ṣe hàn sí, kẹ́ ẹ tó dín ihò rẹ̀ kù dé f/22 tàbí f/32 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń pọ̀ ni ihò ń kéré sí i). Bó bá kọjá f/45, gbogbo àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Títẹ̀ orí lẹ́ńsì síwájú dára kí ilẹ̀ tó kún fún ewé lè hàn kedere, àmọ́ bí ìtì gíga bá wà nítòsí, orí rẹ̀ ò ní hàn dáadáa mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ wíwọ̀n gba sùúrù. Ẹ fi spot meter, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú kan ṣoṣo, wo ibi tó ṣú jù lára èèpo tẹ́ ẹ ṣì fẹ́ rí ìrísí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ tó bá sọ kù ní stop méjì (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ dín sí ìdajì tàbí kó di ìlọ́po méjì), nítorí pé meter gbà pé àwọ̀ eérú ni gbogbo nǹkan ní. Bó bá sọ ìṣẹ́jú-àáyá 4 ní f/22, ẹ lo 1. Filter, ìyẹn dígí aláwọ̀ tí a ń fi síwájú lẹ́ńsì, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé No. 11 máa ń mú kí ewé mọ́lẹ̀, ó sì ń gba stop méjì: 1 padà di 4. Fíìmù náà máa ń ṣàárẹ̀ bó bá pẹ́, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ fi kún àsìkò. Lórí fíìmù dúdú àti funfun tó ń jẹ́ Ilford FP4 Plus, 4 á di nǹkan bí 6, 10 á sì di nǹkan bí 18. Filter pupa kò dára fún ewé, ó máa ń sọ ọ́ di dúdú.

Bó bá jẹ́ èèpo nìkan lẹ fẹ́ yà láti ìtòsí, ẹwìrì kámẹ́rà, ìyẹn apá tó ń ká jọ láàárín lẹ́ńsì àti ẹ̀yìn rẹ̀, á gùn. Lẹ́ńsì mílímítà 150 tí ẹwìrì rẹ̀ gùn dé 210 nílò ìlọ́po méjì àsìkò.

Ẹ pa shutter (ìlẹ̀kùn tó ń dí ìmọ́lẹ̀ nínú lẹ́ńsì) dé kẹ́ ẹ tó fa dark slide yọ. Ẹni tó bá gbàgbé ti ba fíìmù náà jẹ́. Ẹ dúró kí ewé dákẹ́, kẹ́ ẹ fi okùn shutter tẹ̀ ẹ́. Dark slide á padà wọlé pẹ̀lú apá dúdú níta.

Inú òkùnkùn náà lẹ ti máa fọ fíìmù náà. FP4 Plus nínú ID-11, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, tí a fi omi là ní 1+1 (oògùn ìwọ̀n kan, omi ìwọ̀n kan) gba ìṣẹ́jú 11 ní 20°C. Bí ọjọ́ tẹ́ ẹ yà á bá ṣú gan-an, ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un kí funfun àti dúdú lè yàtọ̀ síra.