Kì í ṣe gbogbo ọta tó bá wọ ìbọn ló jẹ́ tiẹ̀

Ọkùnrin tó ta ọta fún mi yẹn rẹ́ mi jẹ. Páálí kan, 25 ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, owó 25 náà ni mo san, owó gọbọi sì ni. Mo dé ilé ní Ẹ̀pẹ́, mo dà á sórí tábìlì: pupa ni púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ àwọn aláwọ̀ ìyeyè wà láàárín wọn. Géèjì 20 ni wọ́n ń fi àwọ̀ ìyeyè mọ̀; géèjì ni òṣùwọ̀n fífẹ̀ ihò ìbọn. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí mò ń lò, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lórúkọ mi, 12 ni.

Mo dá a padà fún un. Ó ní, “Àbúrò, kékeré nìyẹn, ó máa wọlé.” Inú bí mi! Wíwọlé yẹn gan-an ni ewu rẹ̀. Nínú géèjì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ihò ń kéré. Ọta 20 kò ní dúró sídìí ìbọn 12, yóò yọ̀ kọjá, yóò lọ há síwájú nínú ọ̀pá. Ọdẹ á yìn ín, kò ní dún. Á ṣí i, á rò pé òun ò tíì fi nǹkan kan sí i, á ti ọta 12 tẹ̀ lé e. Ìgbà tí ìyẹn bá dún ni ọ̀pá máa fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sáwọn pupa pẹ̀lú, nítorí 76 wà lára àwọn kan, 70 wà lára àwọn tó kù, ìyẹn gígùn ọta ní mìlímítà lẹ́yìn tó bá ti dún. Èwo ni ìbọn mi ń gbà? Abẹ́ ọ̀pá ni wọ́n ń tẹ nọ́ńbà yẹn sí, èèyàn ò lè rí i àfi tó bá tú u. Ìpẹtà ti bo tèmi. Mo fi kẹrosíìnì pa á, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i: 7 nìkan ló yọjú. 70 ni àbí 76? Àwọn ẹlẹ́ran ìgbẹ́ lọ́jà Olúwo ń retí ọ̀yà, èmi ń bá ìpẹtà jìjàkadì!

Bàbá alágbẹ̀dẹ àdúgbò wa ló yọ mí. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, má tíì fi nǹkan kan sí i o.” Wọ́n lọ ẹfun, wọ́n fi pa ojú irin náà, wọ́n sì fi àkísà nù ún kúrò. Ẹfun tó kù sínú ibi tí wọ́n tẹ̀ funfun kedere: 12, lẹ́yìn rẹ̀ 70.

Ohun tó ń tan ọdẹ jẹ ni pé 76 náà ń wọ ìbọn 70 wẹ́rẹ́. Ẹnu ọta tí a kò tíì yìn ká wọnú, ó kúrú. Tó bá dún ni ẹnu náà ń tú, á gùn kọjá àyè rẹ̀, á fún ọ̀nà pa, agbára ẹ̀tù á sì ju ohun tí ọ̀pá lè gbà lọ. Ìbọn 76 ní tiẹ̀ lè yin 70 láìséwu.

Títú ìbọn àti fífi epo sí i, ẹ ti mọ ìyẹn. Tèmi ni pé kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ọta níkọ̀ọ̀kan kó tó wọ àpò, kí géèjì méjì má sì pàdé nínú àpò kan. Tí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ tó ṣí i, kí ẹ yọ ọta, kí ẹ sì wo ihò láti ìdí dé ẹnu.

Ọlọ́jà náà gba àwọn ìyeyè àtàwọn 76 padà níkẹyìn, ìdajì owó wọn ló dá fún mi. Ó ní àṣejù ti wà lọ́rọ̀ mi. Ojú rẹ̀ náà ni mo ti ń ja páálí báyìí kí n tó mú owó jáde.