Bí A Ṣe Ń Gbé Lancaster Balẹ̀ Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Kan Bá Kú

Géèmù bàálù orí kọ̀ǹpútà ni mò ń sọ o, àmọ́ bí àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é lọ́dún 1944 náà nìyí. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ni Lancaster, bàálù tó ń ju bọ́ǹbù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní. Bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta tó kù á gbé e délé. Bí bọ́ǹbù bá ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ dà á sínú òkun.

Ibi tí wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí: jìnnìjìnnì á bò wọ́n, wọ́n á sì pa ẹ́ńjìnnì tó yè. Mo ti wò ó títí, ó ti sú mi. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan ná! Rọ́dà, ìyẹn ìtọ́kọ̀ ìrù bàálù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi mú imú bàálù tọ́. Bí ẹ́ńjìnnì òsì bá kú, imú á fà sí òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ ó sì fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó jókòó lásán ni ẹ́ńjìnnì tó kú wà. (Ẹni tí kò ní pẹ́dà lè fi bọ́tìnì méjì orí kíbọọ̀dù ṣe é, mi ò gba ti ọ̀pá ìwakọ̀ géèmù tí wọ́n ń lọ́.)

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì méjì ló wà lápá yẹn. Ẹ rọra fa tírótù (ọ̀pá tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára) èyí tẹ́ ẹ fura sí sẹ́yìn. Bí nǹkan kan ò bá yí padà, òun ni. Ẹ wá tẹ bọ́tìnì tó ń yí ewé abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kó lè fi etí gé atẹ́gùn. Tí bọ́tìnì náà bá ti dúró nínú fúnra rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Á ta padà bó bá ṣe tán. Lẹ́yìn náà lẹ ó dí epo ẹ́ńjìnnì yẹn.

Ẹ yẹra fún pápá bàálù kékeré. Woodbridge, Manston tàbí Carnaby ni: ojú ọ̀nà wọn gùn tó yáàdì 3,000, ó fẹ̀ tó 250, wọ́n sì máa ń sun bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ogun yẹn láti lé kùrukùru. Carnaby ni tèmi, torí Yorkshire, níbi tí Carnaby wà, ni ọmọ Nàìjíríà wa Akin Shenbanjo ti ń bá Halifax, bàálù ajubọ́ǹbù mìíràn, jáde lọ jagun.

Ẹ má tètè já tayà sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó ń tì í jáde bá kọṣẹ́, atẹ́gùn pàjáwìrì wà, àmọ́ tó bá ti jáde báyẹn, kò ní ṣeé ká padà. Ẹ má na fíláàpù (pátákó ẹ̀yìn apá bàálù) tán àfi tó bá dá yín lójú pé ẹ ó balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má ronú àtigbéra mọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń fa tírótù yòókù sẹ́yìn, ẹ máa dẹ ẹsẹ̀ lára rọ́dà díẹ̀díẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ máa já sí, inú koríko.