Àṣìṣe tí a máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá sú wa

"Ọ̀lẹ ni ọmọ yìí" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu àgbà bí ọmọ bá ń yán nídìí ìwé, tàbí bí ọmọṣẹ́ bá ń wo òde nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣàlàyé. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì ń bí ìyókù. Ọ̀lẹ kò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Bó bá ti ríbi fẹ̀yìn tì, ó parí. Ẹni tí nǹkan sú kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ohun tí yóò fọkàn sí, kò rí i, àìrí i yẹn ló sì ń dà á láàmú. Bí John Eastwood àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ gan-an nìyẹn ní 2012, nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde láti Yunifásítì York ní Toronto.

Orísun méjì ni ìsúni sábà máa ń ní: yálà ohun tó wà níwájú wa kò gba ọkàn wa dúró, tàbí a kò rí ìwúlò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì.

Má sáré mú fóònù

Ẹ tò sórí ìlà ní báńkì, ẹ wọ dáńfó tí kò tíì kún, NEPA mú iná lọ: ọwọ́ ti wọ àpò. Ta ni kì í ṣe é? Ara ènìyàn kórìíra kó dá jókòó ti èrò tirẹ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ní 2014, Timothy Wilson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà fi àwọn ènìyàn sínú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 15. Kò sí fóònù, kò sí ìwé, àfi bọ́tìnnì kan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, iná yóò gbé wọn. Wọ́n ti tọ́ iná náà wò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti sọ pé àwọn á fowó ra ara àwọn kó má bàa tún gbé àwọn. Síbẹ̀, nínú ọkùnrin 18, 12 ló tẹ bọ́tìnnì. Nínú obìnrin 24, 6 ló tẹ̀ ẹ́. (Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ yín rèé.)

Fóònù kì í gbéni bí iná, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lò ó lè dá kún ohun tí a ń sá fún. Katy Tam àti Michael Inzlicht ní Yunifásítì Toronto fi èyí hàn ní 2024. Nígbà kan, wọ́n ní kí àwọn tó kópa wo fídíò kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú 10 láìfò ó. Nígbà mìíràn, wọ́n fún wọn ní fídíò mélòó kan tí wọ́n lè máa bọ́ láti orí ọ̀kan sórí èkejì bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n rò pé ìfòkiri yẹn ni kò ní jẹ́ kó sú àwọn. Ìgbà tí wọ́n ń fò kiri gan-an ló sú wọn jù. Bí ẹ bá fẹ́ wo fídíò, ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ wò ó débi tó nítumọ̀. Ká máa fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè fún wákàtí kan kì í ṣe ìsinmi.

Má rò pé iṣẹ́ tó rọrùn nìkan ló ń súni

Òbí tó gbà pé ọmọ òun mọ̀wé á ní, "Ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn ti kéré jù fún un." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tó le jù ń súni bákan náà, òun la kì í sì í fura sí. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní ibi tí ọkàn rẹ̀ lè dì mú mọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya mọ́tò sẹ́yìn ìwé. Tíṣà á pè é síta, á ní kó kúnlẹ̀ kó káwọ́ sókè, ìyókù ẹ̀kọ́ á sì kọjá lójú rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí. Reinhard Pekrun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Jámánì fún odidi ọdún ẹ̀kọ́ kan. Ohun tí wọ́n kọ ní 2014 ni pé ìsúni ń fa máàkì wálẹ̀, máàkì tó wálẹ̀ náà sì ń mú kí ìwé túbọ̀ súni. Ìyà kò sí lára ohun tó lè já okùn yẹn.

Nílé wa níbí, èdè ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n wá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ìṣirò, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Kì í ṣe ìsúni ni wọ́n ń wọ̀n, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọmọ yín "kì í fọkàn sí nǹkan," ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ àmúrelé fún un ná, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kò pọ̀ lẹ́nu mi: ẹ má fi lẹ́sìnnì dí gbogbo wákàtí ọmọ. Bó bá ní "Mọ́mì, kò sí nǹkan tí mo ń ṣe," ẹ lè dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Má fi ẹnì kan sídìí ìṣọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀

Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn tó ń wo rédà kì í rí ọkọ̀ abẹ́ omi ọ̀tá mọ́ bí wọ́n bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Norman Mackworth, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, ṣe aago kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń fò díẹ̀díẹ̀, ó ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìgbà tó bá fò ní ìlọ́po méjì. Ohun tó kọ ní 1948 ni pé láàárín ìdajì wákàtí, ojú wọn ti ń tàsé rẹ̀. Nígbà tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ìdajì wákàtí kí wọ́n sì sinmi fún ìdajì wákàtí, ojú wọn kò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ọlọ́dẹ tó ń wo kámẹ́rà fún wákàtí 12. Bí olè bá wọlé, òun la ó bú. Ẹ máa pààrọ̀ wọn.

Ti ọmọṣẹ́ yàtọ̀. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ télọ̀, tó jẹ́ pé ìgbálẹ̀ àti ṣíṣa òwú ló ń ṣe láti oṣù tó ti dé, kò rí bí ìyẹn ṣe ń sọ ọ́ di télọ̀ ni. Ẹ fún un ní àjákù aṣọ kó máa rán, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ oníbàárà tí bọ́tìnnì tó rán wà lára rẹ̀ hàn án.

Má pe àìsàn ní ìsúni

Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ kan ló sú ènìyàn, tó jẹ́ pé kò gbádùn ohunkóhun mọ́, oúnjẹ tó fẹ́ràn àti ọ̀rẹ́ tó ń pa á lẹ́rìn-ín pẹ̀lú, tí oorun rẹ̀ kò já geere, tó sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má sọ fún un pé kó wá nǹkan ṣe. Ìyẹn lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ń béèrè ìtọ́jú. Ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí a fi orúkọ rẹ̀ ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa, ń tọ́jú irú rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó bọ́ṣọ sílẹ̀ lójú títì nìkan ló ń lọ síbẹ̀.