Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Jiyàn Lórí Fíìmù Sáyẹ́ǹsì Tó Nípa Jù Lọ

Iyàn lórí fíìmù àròsọ onísáyẹ́ǹsì dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń dàrú, torí ọ̀pọ̀ wa kì í béèrè ohun tó yẹ kó ṣáájú: ta ló wo fíìmù yìí, tó sì torí rẹ̀ ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn?

Ẹ má ṣe fi owó díwọ̀n ipa. Avatar, tó jáde ní 2009, pa owó tabua. Blade Runner tí Ridley Scott darí ní 1982 ńkọ́? Kò rọ́wọ́ mú ní ilé sinimá nígbà tó jáde. Síbẹ̀, ìlú inú rẹ̀, tí òjò kì í dá, tí òru kì í mọ́, tí ìpolówó ọjà ń tàn lára ilé gogoro, kò kúrò lójú àwọn oníṣẹ́ fíìmù mọ́. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Mamoru Oshii yà sínú Ghost in the Shell, fíìmù àwòrán yíyà, ní Japan ní 1995. Fíìmù Oshii yìí sì ni àwọn Wachowski, àwọn ọmọ ìyá méjì tó ń darí fíìmù, gbé síwájú Joel Silver, agbátẹrù fíìmù, pé irú èyí gan-an làwọn fẹ́ fi èèyàn gidi ṣe. Ohun tó tibẹ̀ jáde ni The Matrix, ní 1999. Ẹni tó bá ń ka owó nìkan kò ní rí okùn yìí láéláé.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti 1977, ọdún tí Star Wars jáde. Mi ò sọ pé Star Wars kéré o. Ó tún iṣẹ́ sinimá ṣe látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo C-3PO, róbọ́ọ̀tì aláwọ̀ wúrà inú rẹ̀, dáadáa, kí ẹ wá lọ wo róbọ́ọ̀tì inú Metropolis tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì ní 1927. George Lucas tó ṣe Star Wars fúnra rẹ̀ sọ pé inú The Hidden Fortress ti Akira Kurosawa, tó jáde ní 1958, lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí àwọn mẹ̀kúnnù méjì gbé ìtàn ńlá. Fíìmù Kurosawa yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ti sáyẹ́ǹsì rárá.

Èyí tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń fo fíìmù kúkurú dá. La Jetée ti Chris Marker, ní Faransé ní 1962, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 28 lọ, fọ́tò tí kì í mira ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Lára rẹ̀ ni 12 Monkeys ti 1995 ti jáde.

Ipa náà kì í sì í mọ sínú sinimá. Nínú fíìmù Frau im Mond, 1929, Lang mú kí wọ́n ka nọ́ńbà sẹ́yìn kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra, bí wọ́n ṣe ń kà á fún rọ́kẹ́ẹ̀tì gidi lónìí, ogójì ọdún gbáko kí Apollo 11, ìrìn àjò tó kọ́kọ́ gbé èèyàn débẹ̀, tó gúnlẹ̀ sórí òṣùpá.

Ẹ má sì pe ìfẹ́ ní ipa. Mo fẹ́ràn Solaris ti Tarkovsky, 1972, ju ọ̀pọ̀ àwọn tí mo dárúkọ yìí lọ, ṣùgbọ́n ìfẹ́ mi kọ́ ni ẹ̀rí. Bí ẹnìkan bá dárúkọ fíìmù kan, ẹ ní kó dárúkọ méjì tó tẹ̀lé e, kó sì fi hàn yín ibi tí wọ́n ti mú nǹkan lára rẹ̀.