£180 fún ìṣẹ́jú-àáyá 40: bí mo ṣe fi drónù ya ọkọ̀ ojú irin eléèéfín

Àwa bí ogún la dáwó jọ, tí a fi háyà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó ń jó èédú, ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù Èrèlé, ká lè ya fọ́tò rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. £180 ló kàn mí. Fídíò tí mo mú bọ̀ ò ju ìṣẹ́jú-àáyá 40 lọ. Inú ṣì ń bí mi.

Ti ìwé àṣẹ ò le. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026, drónù tó bá ti tó gíráàmù 100 ti wọ inú òfin, ni àwa oní-kékeré náà bá ṣe ìdánwò: ìbéèrè 40 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kéèyàn gba 30. Kí n má kọjá mítà 120 lókè, kójú mi má kúrò lára rẹ̀, kí n má fò lórí èrò. Mo ti mọ gbogbo ẹ̀ sórí. Àṣé òfin ìjọba lọ̀tọ̀, ti àwọn tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lọ̀tọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé gbogbo wa á tò: ẹni tó máa kúnlẹ̀ á wà níwájú, kámẹ́rà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ á fẹ̀yìn rìn lọ títí a ò fi ní rí i mọ́, á wá sáré padà bọ̀. Inú òtútù ni oru rẹ̀ ti ń funfun jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan ìgbà tí ẹnu èèyàn ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa kọjá. Ẹni tó ṣètò sọ pé ìkẹta ni ti drónù.

Ìkejì la wà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lókè bí agbọ́n inú agolo. Ọ̀gbẹ́ni kan tí kò sanwó, tí kò sí lára wa, ló sá sẹ́yìn ògiri òkúta pápá àgùntàn, tó gbé drónù tiẹ̀ wá síwájú ọkọ̀ gan-an. Ó wọ fọ́tò gbogbo wa. Bàbá kan tó ń gba ohùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, tí kì í fẹ́ ká húkọ́ pàápàá, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ta ni wọ́n wá kọjú sí? Èmi! Èmi tí drónù mi ṣì wà nínú báàgì. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀; n ò ní ìyẹn ló fà á, n ò sì ní òun kọ́.

Ẹni tó ṣètò ní kò sí drónù mọ́. Mo fi ìwé àṣẹ hàn án. Ó lóun rí i. Mo ní wọ́n ti ṣèlérí. Ó lóun mọ̀. Ọkọ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń wò bí ẹni tí wọ́n ń jẹun níṣojú ẹ̀.

Màmá àgbàlagbà kan ló sọ fún mi pé àwọn tó tò ni kí n lọ bẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣètò. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń tọrọ owó ọdún: ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn yín ni màá ti gbé e dìde, kò ní wọ fọ́tò yín. Àárọ̀ ló yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀, kí a tó mu tíì àkọ́kọ́. Bàbá olóhùn ló pẹ́ jù kó tó gbà.

Nígbà yẹn òtútù ti mú bátìrì. Nínú mẹ́ta tí mo gbé wá, èyí tí mo há mọ́ abíyá nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 40 yẹn! Oru funfun nà gbalaja lórí koríko gbígbẹ, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sọ ọ́ di àwọ̀ oyin. Bàbá mi, tó ṣiṣẹ́ ní Rélùwéè l'Ẹ́bùté Mẹ́ta, wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà lórí WhatsApp, ó ní ohùn rẹ̀ dà? Drónù mi kì í gbohùn sílẹ̀. Mo wá kọ̀wé sí bàbá olóhùn pé kó fún mi ní tiẹ̀. Ó ní kò burú, tóun bá ti yọ ìkùn drónù mi kúrò nínú ẹ̀ tán.