Ẹ Má Fi Ìpíndọ́gba Nìkan Díwọ̀n Ìyára Sáfà
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń mójú tó sáfà ilé iṣẹ́ (kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ sí i), mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìpíndọ́gba àkókò ìdáhùn nìkan fi yín lọ́kàn balẹ̀. Bí ìbéèrè 99 nínú 100 bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, tí ẹyọ kan tó kù sì gba ìṣẹ́jú àáyá 10, ìpíndọ́gba wọn kò ní pé ìdá méjì nínú mẹ́wàá. Gbogbo nǹkan yóò dà bí ẹni pé ó ń lọ déédéé, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí tó fi sú u. Àkókò tí àwọn ìbéèrè tó lọ́ra jù gbà gan-an ni kí ẹ máa wò.

Bákan náà, pé sáfà dáhùn ping (ìṣẹ́ kékeré tí a fi ń wò ó bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn) kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣàyẹ̀wò sáfà wọlé bí òṣìṣẹ́ ṣe ń wọlé, kí ó wá àkọsílẹ̀ kan jáde. Ẹ má sì gbé ètò náà sórí sáfà tó ń ṣọ́, nítorí bí sáfà bá kú, olùṣọ́ bá a lọ nìyẹn, ìkìlọ̀ kankan kò sì ní dé ọ̀dọ̀ yín.